Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Ọkọ̀

Rewáyà náà ti tẹ bíréèkì ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó ìgbà ogún láàárọ̀ ọjọ́ náà, èsì kan náà ni bàbá sì ń fún un láti ẹ̀yìn tírélà.

"Ó tàn?"

"Kò tàn."

Tírélà kékeré kan ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi tapólì bò wọ́n. Àbúrò rewáyà ló ni wọ́n, ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìlú míì lọ́tùúnla. Bàbá ti ṣèlérí pé òun fúnra òun lòun máa wakọ̀ gbé wọn lọ bá a láàárọ̀ ọ̀la. Ogójì ọdún ni bàbá fi ṣe iṣẹ́ awakọ̀. Ó ní kò sí ohun tó lè dá òun dúró àfi bí iná bíréèkì tírélà kò bá tàn, nítorí òun kì í gbé ọkọ̀ tí kò níná jáde.

Ohun tó dun rewáyà ni pé òun ló fa waya tírélà náà fúnra rẹ̀. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì, ẹni tó kan pátákó ìpolówó iṣẹ́ fún un, ti gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ìkẹ́rù rẹ̀ níwájú ilé láti aago mẹ́jọ, ó ń wòran. Ẹnu káfíńtà kì í dilẹ̀. Ohun tó bá rí láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀.

Káfíńtà juwọ́ sí bàbá. Bàbá kò dáhùn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Hẹn, káfíńtà, ìwọ nìyẹn? O ṣeun o."

"Sísì Rewáyà, ṣé kí n wá bá ọ fi ìṣó kàn án ni?"

Rewáyà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í gidi. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọlẹ̀ lọ.

Ó ti pààrọ̀ fíúsì. Ó ti fi gílóòbù tuntun sí ọ̀tún àti òsì. Ó ti ha ìpẹtà kúrò níbi tí waya ti so mọ́ irin tírélà. Ó so tẹ́sítà olókùn gígùn mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé orí rẹ̀ wá síwájú, ó tẹ bíréèkì, tẹ́sítà sì tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fa okùn náà dé ẹnu gílóòbù gan-an. Tẹ́sítà tún tàn.

"Ó tàn báyìí, Bàbá?"

"Kò tàn, ọmọ mi."

Ẹ̀yìn tírélà kọjú sí ògiri ọgbà, àyè ibẹ̀ kò sì gbà ju ẹnì kan lọ. Rewáyà ló gbé ọkọ̀ náà wọlé lánàá. Bàbá ní kó bá òun gbé e, pé orúnkún òun ń sinmi de ọ̀la. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé wọn nìyí láti ìgbà tí rewáyà ti wà ní kékeré: ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á wò ó. Nígbà yẹn, bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ ló ń wò ó.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, alángbá orí ògiri ló ń wò. Bàbá ní, "Ó tàn?" Ó ní, "Ó tàn." Kò tàn rárá. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kan kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá, ó sì ba ẹrù olówó iyebíye jẹ́. Bàbá kò nà án, kò sì bú u. Ó tún fi í sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó bi í bóyá ó tàn, kò sì sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ó ní, "Ẹni tó dúró lẹ́yìn ni ojú ọkọ̀. Ohun tó bá sọ ni mo gbà." Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára rewáyà.

Ó gbé omi lọ fún bàbá. Ọwọ́ bàbá kọ́kọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ ife kó tó bá a.

"Ṣé kò tíì rẹ̀ yín?"

"Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Rewáyà padà síwájú. Iná dé ẹnu gílóòbù, gílóòbù jẹ́ tuntun, waya kò já. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì yẹ̀ wò. Ó mú pákó kan, ó fi ti bíréèkì mọ́lẹ̀, ó fi ìdí pákó náà ti ara àga. Lẹ́yìn náà ó rọra rìn lọ sẹ́yìn, ó dúró ní igun tírélà, ó wo gílóòbù méjèèjì, ó sì wo ojú bàbá. Ó tún rọra padà síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Bàbá, mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó tàn?"

"Kò tàn."

"Lóòótọ́ ni, kò tàn." Ó gbé ohùn sókè kí káfíńtà lè gbọ́. "Iṣẹ́ yìí ti jù mí lọ, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi ọkọ̀ tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà lọ lọ́la, kí ẹ̀yin jókòó tì í níwájú."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde lórí àpótí. "Pátákó tí mo kàn ńkọ́, ṣé kí n wá yọ ọ́?"

"Ẹ wá yọ ọ́," rewáyà dáhùn.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ń fọwọ́ tọ ara tírélà bọ̀ títí ó fi jáde síta. "Má jẹ́ kó tì ọ́ lójú," ó ní. "Ẹṣin tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀sì ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì." Ṣùgbọ́n ojú ti ọmọ náà débi pé kò lè wo ojú bàbá rẹ̀.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó yọ pákó kúrò lórí bíréèkì, iná pupa méjèèjì tó ti ń tàn yòò sí bàbá lójú láti àárọ̀ sì kú.