Ọkọ̀ Tí Kò Kí

Ilẹ̀ ti ń ṣú ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí Ìbíwùmí tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bàbá rẹ̀, ológun ojú omi, kú fi sílẹ̀. Eré ogun tí bàbá kò parí ṣì wà níbẹ̀: ọkọ̀ onígbòkun méjì kojú ara wọn. Bàbá kì í yin àgbá láìkọ́kọ́ kí ọ̀tá pé, "Ẹ kú ojú omi o." Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín, ó kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Àgbá ró, ọkọ̀ ọ̀tá rì.

Ìró ìgbì tó tẹ̀lé e kò dákẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà. Ìgbì ṣì ń dún, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ Ìṣẹ́yìn jìnnà sókun. Ó sáré pe Fọlárìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí fóònù, ó sì ròyìn fún un.

"Ṣé o kọ́kọ́ kí wọn?"

"Bọ̀dá mi, eré lásán ni mo pè é."

Fọlárìn kìlọ̀ fún un pé, "Bí ẹnikẹ́ni bá kí ọ lálẹ́ yìí, má dá a lóhùn o."

Ìbíwùmí fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn pa. Ẹnìkan wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikọ́ ẹni tó ti mu omi yó.

"Ẹ kúulé o."

Ohùn àgbàlagbà ni. Ọmọ tí a kọ́ ni Ìbíwùmí. Kó tó ronú, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀.