Ẹja Alámì

Apẹja náà tẹ́ ẹja sórí rúlà, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

“Ọmọ mi, mo tún ti mú ọ̀kan nínú àwọn ẹja yín o.”

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá,” ni ọmọbìnrin yunifásítì dáhùn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń so àmì mọ́ ẹja, tí wọ́n ń dá a padà sókun, kí apẹja tó bá mú un lè pè wọ́n. “Ẹ ka nọ́ńbà ara àmì ẹ̀.”

Ó kà á. Ọmọbìnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò.

“Bàbá, ẹja kan náà yìí lẹ ń mú láti oṣù tó kọjá.”

Apẹja rọra dá ẹja padà sínú omi òkun inú bàsíà tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ fi ń fọṣọ. “Ó ti di ará ilé ni.”

“Ṣé ó ti jẹun?”

“Ó ti yó.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”