Agogo Màmá Dọ́káàsì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ti Màmá Dọ́káàsì ará Ìgbàrá-Òkè. Obìnrin yìí mọ àdúrà gbà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ayé rí i bó ṣe ń gbà á. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, ó máa ń gba ààwẹ̀ ìdákẹ́: kò ní jẹun, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí aago mẹ́ta ọ̀sán yóò fi lù. Ó ti ṣe é lọ́dún mẹ́fà láìjá. Bí ó bá pé méje, ìjọ rẹ̀ yóò fi í jẹ Ìyá Àdúrà.

Agogo kékeré kan ló fi ń ṣe ẹnu. Bó bá ti lù ú, gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ dijú, kí wọ́n sì tẹríba.

"Àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìjọ yín ńkọ́, Màmá?" Sikírá, ayálégbé rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló bi í bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

"Ìwọ gan-an lo nílò rẹ̀ jù. Kódà bí ilé bá ń jó lọ́la, ẹ ò ní gbóhùn mi. Ẹni tó bá lajú nígbà tí agogo bá dún, kó wá ilé mìíràn gbé."

"Ẹ má bínú, Màmá. N ó dijú débi tí n ó fi sùn."

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Sikírá jókòó sí àárín àgbàlá, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó kọ ẹ̀yìn sí kànga. Ni Màmá bá gbójú sókè, ó rí Rafíù, ọmọ Sikírá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tó ń ṣubú, tó ń dìde, tó ń lọ sí ìdí kànga. Etí kànga náà kò ga ju orúnkún lọ, ó sì ṣí sílẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló fa omi tó fi fọwọ́ kó tó gbàdúrà, tí kò sì fi ìdérí kànga dé e padà.

Ó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó la ẹnu, ó rántí oyè, ó pa á dé. Ó gbá agogo mú, ó lù ú kíkankíkan.

Sikírá gbọ́. Ó gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dijú, ó sì tẹríba.

Màmá tún lù ú. Sikírá tẹríba sí i, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ọmọ ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí kànga mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí òjìji ara rẹ̀ nínú omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.

"Sikírá, lajú! Ọmọ rẹ, kànga!"

Sikírá ta gìrì, ó fò, ó sì gbá ọmọ mú níbi aṣọ ẹ̀yìn. Bàtà kan ló já sínú omi, gbogbo ilé sì gbọ́ bó ti ró.

Nígbà tó di ọjọ́ Àjíǹde, àwọn àgbà ìjọ gbé ìborùn oyè jáde. Màmá dìde.

"Mo sọ̀rọ̀," ló wí. "Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé mo sọ̀rọ̀. Agogo ni mo kọ́kọ́ lù."

Wọ́n ká ìborùn náà padà sínú àpótí.

Bí ẹ bá dé ilé yẹn lónìí, ara ìdérí kànga ni wọ́n so agogo náà mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, á dún, gbogbo ilé á sì lajú.

Ẹ̀yin ọmọ, ìlànà ìsìn dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àánú. Bí ẹ̀mí ẹnìkejì bá wà nínú ewu, ẹ má ro oyè, ẹ sọ̀rọ̀ kíá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwà lẹ̀sìn.