Eyín fún Ẹ̀dà Kejì

Mosúnmọ́lá, tó ń fi gígé fídíò jẹun, la ẹnu lórí àga ilé ìtọ́jú eyín mi, níbi tí a ti ń fi eyín pa àwòrán mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fídíò àti fọ́tò ìyá rẹ̀ olóògbé, tó fẹ́ tò di fíìmù, sínú eyín rẹ̀ kan. Ó ku ẹ̀dà kejì, òfin iṣẹ́ wa ò sì gbà kí ẹ̀dà méjì sùn sábẹ́ òrùlé kan.

"Ta ni yóò bá ọ gbé e?"

"Ọkọ mi."

"Tí ilé yín bá jó ńkọ́? Àbí ọkọ rẹ kì í jóná?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fadérera, nìkan ló kù. Wọ́n jà níbi ìsìnkú ìyá wọn, wọn ò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Pè é. Tí eyín rẹ yìí bá ká, ìyá yín kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Ó pè é. A gbọ́ òṣé Fadérera kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, eyín yín kan ni mo fẹ́ tọrọ, fún àwòrán màmá."

"O ò kí mi, eyín lo fẹ́ gbà. Àwọn àna mi ti kó àwòrán tiwọn kún ìyókù, ẹyọ kan ló ṣófo. Láti ọjọ́ tí a ti sin màmá ni mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun nítorí rẹ, kí ẹyọ náà má baà ká kí o tó wá tọrọ rẹ̀."