Òǹkà Ọ̀nà Etídò

Fáìlì-ti-sọ ni wọ́n ń pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ojú títì, àmọ́ kì í ṣe lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń bójú tó títì, èyí tó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ nínú wọn kò pé mẹ́rin. Bí ènìyàn bá sọ fún un pé afárá kan ti wó, á béèrè bóyá ó wà nínú fáìlì. Bí kò bá sí níbẹ̀, afárá kò tíì wó.

Ọ̀nà etídò ló wá há a lọ́fun bí egungun ẹja. Máìlì mẹ́ta ni, ó gba àárín òkè méjì kọjá, odò sì ń bá a rìn lápá ọ̀tún títí dé ẹnu afárá. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, típà tó kó òkúta pa ìyá aránṣọ kan ní kọ́nà ibẹ̀, níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ariwo pọ̀. Wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má gbabẹ̀ mọ́ fúngbà díẹ̀, àfi kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá dábùú ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ́nà kan tì í. Láti ìgbà náà, ohun téèyàn ń gbọ́ níbẹ̀ kò ju omi, ẹyẹ àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ lọ.

Àna ọ̀gá, ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ni típà. Máìlì mọ́kànlá ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ fi ń yípo báyìí, gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló sì ń wá ráhùn nídìí oúnjẹ. Ọ̀gá ṣèlérí fún un pé ọ̀nà á ṣí kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣàdédé ṣí, ó gbọ́dọ̀ nídìí nínú fáìlì.

Ló bá ní kí wọ́n tẹ́ ẹ̀rọ òǹkà sí kọ́nà náà: ọ̀pá rọ́bà kan tó dábùú títì, pẹ̀lú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti gorí rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á fi oókan kún un. Bí òǹkà kò bá pé ọ̀ọ́dúnrún láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, típà á padà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀ọ́dúnrún. Kò rí oníkẹ̀kẹ́ kan níbẹ̀ rí. Kò kúkú débẹ̀ rí.

Ó ka òfin náà sétí àwọn ará ìlú ní gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wá. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ pínpín lẹ́tà nìkan ló ní ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àárọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, àbí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀gá ní, “Bàbá, ẹ̀rọ kì í sinmi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ sinmi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Láti ojú fèrèsé, ọ̀gá rí i tó ń gun kẹ̀kẹ́ obìnrin, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, téèpù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń wọn aṣọ sì wé mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ọ̀gá sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé ó jọ pé bàbá fẹ́ rán ṣòkòtò fún títì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé, òǹkà jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó pe aṣọ́nà lórí fóònù, ó béèrè bóyá màlúù ló ń tẹ̀ ẹ́. Aṣọ́nà ní kò sí màlúù, kẹ̀kẹ́ ni, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ òun sì ti bó nítorí ọ̀pá tí òun ń gbé sókè. Ó ní kò sí ariwo, kò sí ìjà, kò sí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ kọjá tí wọn kò kí òun.

Ní ọjọ́ kan, òǹkà jẹ́ òdo.

Akọ̀wé ní, “Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò wá?”

“Ó ní láti jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn jọ lọ,” ni ọ̀gá wí, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, òǹkà ti di òjìdínnírinwó.

Àna rẹ̀ kò wá jẹun lọ́jọ́ ìsinmi yẹn. Ọ̀gá kò bá a wíjọ́, fáìlì ti sọ. Ó tilẹ̀ wá rí i pé èso wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́ pé ọgbọ́n orí òun ti sọ òjìdínnírinwó ènìyàn di oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀gá àgbà fèsì pé òun á wá lọ́jọ́ Sátidé láti kí wọn, òun á sì fọwọ́ sí i níbẹ̀ pé ọkọ̀ kò ní gba ọ̀nà náà mọ́ láéláé.

Wọ́n ta àtíbàbà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n to òjìdínnírinwó àga, omi ìgò kọ̀ọ̀kan wà lórí wọn, ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ omi. Ọ̀gá àgbà ń kánjú, obìnrin tí kì í fi àkókò ṣeré ni, nítorí náà ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó wá jókòó. Wọ́n dúró. Oòrùn gòkè. Omi inú ìgò ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀gá ń wo ọ̀nà títí ọrùn fi ń ro ó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni aṣọ́nà gbé ọ̀pá sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà, fún bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi báńdéèjì wé orúnkún méjèèjì.

Ọ̀gá sáré lọ bá a. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn oníkẹ̀kẹ́ là ń dúró dè.”

Bàbá sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó tún téèpù tó wé mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà so, ó wo àwọn àga náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní, “Ẹ má dúró mọ́, ọ̀gá, gbogbo wa ti dé.”