Òjòlá Tó Fẹ́ Fi Ọmọ Se Ọṣẹ

Onídìrí kan wà tí kì í sá fún ẹnikẹ́ni láyé, àfi adìyẹ. Bó bá rí àgbébọ̀ lójú pópó, òdì kejì ló máa gbà, àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń dirun lọ́wọ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù.

"Gbé orí ẹ dúró jàre. Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìtàn kan tí gbogbo ẹgbẹ́ wa ń kà lórí Wásáàpù ni, àǹtí. A ò mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ọmọ kan hu ìyẹ́, ìyá rẹ̀ sì máa ń di òjòlá bí inú bá ti bí i. Á ní, 'Dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, màá fi ẹ́ se ọṣẹ!'"

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ onídìrí. Àárọ̀ yẹn gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ rẹ̀, nítorí abọ́ tí kò fọ̀. Áà! Ọmọ tí mo fún lọ́mú ló sọ mí di ejò!

Ó fò délé. Ọmọ ọ̀hún wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń bá ìyá àgbà, ìyá tó bí onídìrí, tẹ fóònù bíi ti ojoojúmọ́, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Láti ìgbà tí eyín ìyá àgbà ti tán ni wọn ò ti pariwo mọ́, wọn ò sì fẹ́ ariwo. Onídìrí gbé ìbínú rẹ̀ mì.

Kàkà kó jà, ó wọnú ẹgbẹ́ Wásáàpù náà, ó fi orúkọ "Arẹwà Kékeré" bojú. Arẹwà Kékeré wo? Obìnrin tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn!

Ó fẹ́ kà díẹ̀ kó rí ẹ̀rí mú ni. Àfi bó ṣe kà á dé ilé ìyàgbẹ́. Níbi tí adìyẹ tó ga bí ilé ti ń lé ọmọ náà, onídìrí kígbe pé, "Ó tún fi adìyẹ bú mi!" Bẹ́ẹ̀, ó ti gun orí àga. Níbi tí òjòlá ti fi ọ̀já di ìyẹ́ ọmọ náà kí ará àdúgbò má baà rí i, ó sunkún. Òun ò di ìyẹ́ ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n èjìká ń ro ó.

Lẹ́yìn náà, ọmọ inú ìtàn rí òjòlá níbi tó sùn sí, iná sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Òǹkọ̀wé ní kí ẹgbẹ́ dá òjòlá lẹ́jọ́.

"Sun ún!" ni gbogbo wọn ń kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún," ni Arẹwà Kékeré kọ. "Bóyá bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn."

"Arẹwà, lọ sùn!" ni wọ́n dá a lóhùn.

Ọkàn onídìrí ò gbà á mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó gbalé lọ. Ó fẹ́ bi ọmọ rẹ̀ bóyá bó ṣe rí òun nìyẹn lóòótọ́, kó sì bẹ̀ ẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó gbọ́ ohùn, ó dúró.

"Kọ ọ́ pé òjòlá ní kí ọmọ òun má bínú," ni ìyá àgbà ń wí, "pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ tó níyẹ̀ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyá ẹ mọ̀ o pé òun gan-an ni ọmọ inú ìtàn náà, èmi sì ni ejò."