Gbogbo Sátidé Kò Tó

Ní kílọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ìbọn dárà, onígbàjámọ̀ Peckham kan yìnbọn tán, ó na ọrùn wo bébà àmì tó ń yìnbọn sí. Funfun báláú! Kò sí ihò kankan níbẹ̀.

Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Gbogbo Sátidé ni mò ń wá o! Àfi kí n kúkú máa sùn síbí."

Ó wá rí bébà Mummy Hameedah, ìyá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárín bébà náà ti lu jára.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Mummy, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń wá lọ́sẹ̀?"

"Òní ni mo kọ́kọ́ dé," ni ìyá náà fèsì, ó ń yí ìbọn síwá sẹ́yìn. "Mi ò tíì yìn ín rárá. Ọmọ mi, ibo ni wọ́n ń ki ọta sí?"